Ẹ Bi Wá: Orin Ń Lọ, Sípíkà Dákẹ́

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lórí MPD nìkan. Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, Music Player Daemon lorúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2003. Inú kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi tàbí láptọ́ọ̀pù àlòkù ló ń jókòó sí, orin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń gbé e jáde sí áńpìlífáyà. Iṣẹ́ fóònù yín kò ju kó pàṣẹ láti orí Wi-Fi ilé lọ. Bí ẹ bá gbé fóònù lọ sọ́jà, orin kò ní dúró. Gbogbo ètò rẹ̀ wà nínú fáìlì kan, /etc/mpd.conf.

Nígbà tí a ka àwọn lẹ́tà náà tán, a rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn wọn bára tan: iṣẹ́ kan náà lẹ gbé lé ẹni méjì lọ́wọ́. Fóònù ń dín ohùn kù, DAC (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì orin di ohùn fún áńpìlífáyà) ń dín in kù, áńpìlífáyà náà ń dín in kù. Tàbí kí sọ́fítíwìà méjì máa ja káàdì ohùn kan ṣoṣo. Ẹ ó rí i bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Láti Lágéré, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi MPD sórí Raspberry Pi 4, mo ki DAC oní-USB bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ áńpìlífáyà. Lórí fóònù, orin ń lọ, ìṣẹ́jú ń kà, àmọ́ sípíkà dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ mi ní DAC ti bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ má tíì náwó. Bí ìṣẹ́jú bá ń kà, MPD ti rí ibì kan tó ń da ohùn sí, kì í kàn ṣe ibi tí ẹ fẹ́ ni. MPD tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ní DAC. Káàdì ohùn tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi ṣe àkọ́kọ́ ló máa mú, lórí Pi 4, ihò 3.5mm tí a ń ki wáyà etí bọ̀ tàbí HDMI ló sábà máa ń jẹ́. Ohùn ń jáde lóòótọ́. Ibi tí sípíkà kankan ò sí ló ń dà sí.

Ẹ tẹ àṣẹ yìí sí ìlà àṣẹ orí Pi: aplay -l. Yóò to gbogbo káàdì ohùn tó wà lára ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ wá ìlà tó jọ èyí:

card 3: Device [USB Audio Device], device 0: USB Audio [USB Audio]

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé nọ́ńbà yẹn gan-an, "Device", ni orúkọ káàdì náà. DAC tiyín lè ní orúkọ míì. Èyí tí ẹ bá rí ni kí ẹ lò. Ẹ wá ṣí fáìlì ètò pẹ̀lú sudo nano /etc/mpd.conf, ẹ wá audio_output tó ní type "alsa" (ALSA ni apá Linux tó ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀), kí ẹ tún un kọ báyìí:

audio_output {
    type "alsa"
    name "DAC pálọ̀"
    device "hw:CARD=Device,DEV=0"
    mixer_type "none"
}

Ẹ fi í pamọ́, ẹ tẹ sudo systemctl restart mpd. Bí MPD bá kọ̀ tí kò dìde, journalctl -u mpd -e yóò sọ ìlà tí àṣìṣe wà fún yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àkámọ́ ìparí tí ẹ gbàgbé, tàbí àmì ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ (“ ” dípò " "). Bí ẹ bá da ètò kọ láti orí WhatsApp, fóònù á ti sọ àmì ọ̀rọ̀ gbọọrọ di èyí tó tẹ̀, MPD kò sì mọ irú ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ yín tún un tẹ̀.

Bí ètò bá dára tí sípíkà ṣì dákẹ́, ẹ tẹ mpc outputs. Ó lè sọ fún yín pé "DAC pálọ̀" is disabled. Ẹnì kan ti fọwọ́ kan bọ́tìnì lórí fóònù, ó sì pa á. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí ni pé MPD máa ń rántí: inú fáìlì tí wọ́n ń pè ní state_file ló kọ ọ́ sí, tí ẹ bá tún un tan nígbà ogún, pípa náà ni yóò wà. Ẹ tẹ mpc enable 1, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣí alsamixer, ẹ tẹ F6, ẹ yan DAC. Bí ẹ bá rí MM lábẹ́ ọ̀pá ohùn, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tẹ lẹ́tà M kó lè sọ̀rọ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ wá dán DAC fúnra rẹ̀ wò láìsí MPD níbẹ̀ rárá. Ẹ kọ́kọ́ dá MPD dúró pẹ̀lú sudo systemctl stop mpd.socket mpd (méjèèjì o, nítorí bí ẹ bá fi socket sílẹ̀, fóònù yín á tún jí MPD dìde bó bá ti kàn sí i), kí ẹ tó tẹ:

speaker-test -D plughw:CARD=Device -c 2 -t wav

Obìnrin kan yóò máa pe apá òsì àti apá ọ̀tún ní èdè òyìnbó. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, DAC kò ní àrùn kankan, inú mpd.conf ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ yẹ wáyà tó lọ sínú áńpìlífáyà wò, ẹ yẹ ibi tí áńpìlífáyà ti ń yan ẹnu ọ̀nà wò, kí ẹ tó gba ti ọmọ yín.

Láti Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀: Ṣé nǹkan yìí ń jẹ dátà? Nítorí Wi-Fi ló ń lò.

Kì í jẹ ẹ́. Inú ilé yín ni ọ̀rọ̀ náà ń yípo, láti fóònù sí ráútà, láti ráútà sí Pi. Ráútà tí kò ní káàdì SIM nínú rárá yóò ṣiṣẹ́. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń jẹ dátà, àti àwòrán èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù tí áàpù orí fóònù bá ń wá fúnra rẹ̀. Ẹ lè pa ìyẹn nínú ètò áàpù.

Láti Ìjọfi, Iléṣà: Ẹ ǹlẹ́ o. Tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí wọ́n fi mú iná lọ. Bí iná bá dé, nígbà mìíràn orin á kọ, nígbà mìíràn á ní kò rí káàdì ohùn. Mo ti kọ hw:1,0 sínú ètò bí ẹni tó tà á fún mi ṣe sọ.

Nọ́ńbà yẹn ló ń dà yín. Kọ̀ǹpútà máa ń fún káàdì ohùn ní nọ́ńbà bí wọ́n bá ṣe jí sí. Bí HDMI bá jí ṣáájú USB lónìí, USB á di 2. Bí USB bá jí ṣáájú lọ́la, á di 0. Orúkọ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi hw:CARD= àti orúkọ tí aplay -l fi hàn rọ́pò hw:1,0, bí a ṣe kọ ọ́ fún ẹni Lágéré lókè.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iná lọ̀rọ̀ yín, ẹ fi ìlà yìí náà kún un: restore_paused "yes". Láìsí i, bí iná bá dé ní aago méjì òru, orin tó ń lọ nígbà tí wọ́n mú un ni yóò bẹ̀rẹ̀ padà, ní ohùn tí ẹ fi í sí. Àwọn ará ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á mọ̀. Káàdì SD náà kì í fẹ́ kí iná máa já lù ú nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà /etc/mpd.conf sí ibòmíràn, kí ẹ sì kó orin sórí dírááfù ọ̀tọ̀, kó má ṣe wà lórí káàdì tí Pi fi ń dìde.

Láti Ẹrẹ́jà, Iléṣà: Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni mò ń lò, Debian (irú Linux kan) ni mo fi sórí rẹ̀, pẹ̀lú ojú iṣẹ́ tó ní fèrèsé gbogbo. MPD ń kọ "Device or resource busy". Bí mo bá pa fídíò tí mo ń wò, nígbà mìíràn orin á kọ. Nígbà mìíràn kò ní kọ. Kí ló dé?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ òṣómàáló. Lórí láptọ́ọ̀pù yín, PipeWire, sọ́fítíwìà tó ń pín káàdì ohùn fún gbogbo áàpù (tàbí PulseAudio, bó bá jẹ́ Debian tó ti pẹ́), ni òṣómàáló: ó ti lóṣòó sórí káàdì ohùn, kò ní dìde fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí MPD bá dé pẹ̀lú hw:, ohun tó ń bèèrè ni káàdì náà fún ara rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀. PipeWire máa ń fi káàdì sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bá kọjá tí nǹkan kan ò dún, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sì ní ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti rí ojú ẹni tó lóṣòó, ẹ tẹ sudo fuser -v /dev/snd/*.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí láptọ́ọ̀pù náà bá jẹ́ ti orin nìkan, ẹ má ṣe lo ojú iṣẹ́ aláwọ̀ mèremère kankan lórí rẹ̀. Debian tó jẹ́ ti ìlà àṣẹ nìkan kò ní PipeWire, káàdì á ṣófo fún MPD. Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣì ń fi wo fídíò, ẹ jẹ́ kí PipeWire jẹ́ ọ̀gá káàdì, kí MPD gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Type "pipewire" ni ẹ ó kọ dípò "alsa", MPD 0.23 àti èyí tó tẹ̀lé e mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìdẹkùn kan wà níbẹ̀: MPD tí Debian ń tan ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ aṣàmúlò kan tó ń jẹ́ mpd, PipeWire sì wà lábẹ́ orúkọ yín. Wọn kò ríra wọn. Ẹ pa ti gbogbogbòò, ẹ tan tiyín:

sudo systemctl disable --now mpd.service mpd.socket
systemctl --user enable --now mpd
sudo loginctl enable-linger orúkọ-yín

Fáìlì ètò tuntun yóò wà ní ~/.config/mpd/mpd.conf, ẹ gbọ́dọ̀ kọ music_directory àti db_file sínú rẹ̀ kí ẹ tó tan án. Ìlà kẹta ló ń jẹ́ kí MPD dìde bí láptọ́ọ̀pù bá tàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọlé sí i.

Láti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, Pi Zero àkọ́kọ́ ni mò ń lò. Mo rí i níbì kan pé kí n fi format "192000:24:2" àti soxr "very high" sínú audio_output kí orin lè mọ́ bíi ti ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ó ń ta pàrà-pàrà báyìí. Ṣé kí n ra Pi tó lágbára?

Àbúrò, ẹ yọ ìlà format yẹn kúrò ná. Orin orí CD ní ìwọ̀n 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíìtì 16, ọ̀nà méjì. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 192,000, MPD gbọ́dọ̀ fi ìṣirò bù ún lé; kò sí ohùn tuntun kankan tó ń wọlé. Ọbẹ̀ tí a bomi là ni, ìkòkò kún, ẹran ò pọ̀ sí i. Ìlà náà tún ń fi ipá mú gbogbo orin, ìbáà jẹ́ MP3 tí ẹ gbà láti orí WhatsApp. Pi Zero àkọ́kọ́ kò ní ju ọpọlọ kan lọ, ìṣirò soxr (sọ́fítíwìà tó ń yí ìwọ̀n ohùn padà) ní "very high" títí dé 192,000 wúwo fún un. Bí kò bá ṣe é tán kí àkókò tó kọjá, àlàfo á ṣí sílẹ̀ nínú ohùn, àlàfo yẹn lẹ ń gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà. Ẹ tẹ top nígbà tí orin ń lọ, ẹ ó rí mpd tó ń mí gúle-gúle.

Ohun tó dára jù ni kí orin dé DAC gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fáìlì. Kí ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ gbé orin kan sí i, kí ẹ tẹ:

cat /proc/asound/Device/pcm0p/sub0/hw_params

Ẹ fi orúkọ káàdì tiyín rọ́pò Device. Bí orin bá jẹ́ ti CD, rate gbọ́dọ̀ jẹ́ 44100. Bí ó bá fi 48000 hàn, ẹnì kan ti yí i padà lójú ọ̀nà. (Bó bá kọ closed, orin kò lọ sí káàdì yẹn rárá.) Yíyí 44,100 sí 48,000 kì í ṣe ìṣirò tó rọrùn bí ó ṣe dà bíi pé ó rí, nítorí 147 sí 160 ni ìdíwọ̀n méjèèjì, kò sí ìwọ̀n kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú èkejì àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà olówó pọ́ọ́kú fi ń dun etí.

Àwọn DAC kan wà ṣá tó jẹ́ pé 48,000 nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú wọn, ẹ má ṣe lọ lo plughw:, kí ALSA má baà gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ fi hw: sílẹ̀, MPD á bi DAC léèrè ohun tó mọ̀, á sì yí orin sí i fúnra rẹ̀. Bó ṣe máa yí i ni ẹ ó kọ sí ìta audio_output, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú fáìlì:

resampler {
    plugin "soxr"
    quality "medium"
}

Lórí Pi Zero, "medium" tó. Lórí Pi 4, "very high" kò ní mú un làágùn. Ẹ tún yẹ fáìlì wò bóyá buffer_time wà níbẹ̀, nítorí àwọn ètò tí a ń dà kọ sábà máa ń ní i. Ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á. 500000 ni MPD ń lò bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan. Àwọn tó kọ 50000 ti fi ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ aláìlera. Ẹ pa á rẹ́.

Èyí tí a sì máa fẹ́ sọ láìjẹ́ pé ẹ bèèrè: bí ẹ bá fẹ́ kí orin mọ́, fáìlì ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú MP3 tó jẹ́ 128, ẹ ó gbọ́ pé ó ti di omi tó ń ṣàn. Kò sí ètò kankan nínú mpd.conf tó lè dá ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ padà.

Láti búkà iyán kan, Iléṣà: Orin sákárà àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, àwọn oníbàárà fẹ́ fújì. Bí sákárà bá ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́, mo máa yí i sókè. Bí fújì bá tẹ̀lé e, gbogbo ènìyàn á fò sókè nídìí iyán. Bí mo bá sì yí i dé òkè tán, ohùn ń fọ́. Áńpìlífáyà wà lókè àjà, ọwọ́ mi ò tó o.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ iyán. Ìbéèrè méjì ni.

Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ohùn tí kò dọ́gba. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ fi àyè sílẹ̀ láàárín ohùn tó rọlẹ̀ àti èyí tó ga. Ti òde òní, wọ́n ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé òrùlé. ReplayGain ni oògùn rẹ̀. Sọ́fítíwìà kan tó ń jẹ́ rsgain máa ń gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á wọ́n bó ṣe le tó sí etí ènìyàn, á sì kọ nọ́ńbà kan sára fáìlì. Kò fọwọ́ kan orin fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ṣe tẹ:

rsgain easy /srv/orin

(ibi tí orin yín wà ló máa kọ síbẹ̀), kó sì fi ìlà yìí sínú mpd.conf: replaygain "track". Ìlà kan náà lè jẹ́ "album", èyí tó ń pa ìyàtọ̀ inú rẹ́kọ́ọ̀dù kan mọ́, tàbí "auto", tó ń lo track bí ẹ bá pa orin pọ̀, tó sì ń lo album bí wọ́n bá ń tẹ̀lé ara wọn. Ní búkà tí sákárà àti fújì jọ ń lọ, "track" ni. rsgain sì ka fódà kọ̀ọ̀kan sí rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Bí gbogbo orin yín bá wà nínú fódà kan ṣoṣo, nọ́ńbà "album" kò ní nítumọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo orin á dà bí ẹni tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rù. −18 LUFS (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó sí etí) ni rsgain ń wọ̀n sí, fújì tuntun ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, òun ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ wá bá sákárà. Áńpìlífáyà ni kí ẹ fi gbé gbogbo wọn sókè pọ̀. Ẹ má ṣe fi replaygain_preamp gbé wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìyá ìlù ti ń fọ́: ohùn rẹ̀ máa ń ta sókè lójijì ju orin yòókù lọ, bí kò bá sí àyè lókè, wọ́n á gé orí rẹ̀. MPD ní replaygain_limit tó ń dènà rẹ̀, "yes" ló sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Volume_normalization kọ́ ni a ń sọ o. Ìyẹn ń gbé ohùn sókè sódò nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, bí onílù bá sinmi, ariwo ẹ̀yìn á wú jáde. Ẹ fi í sí "no".

Èkejì, ohùn tó ń fọ́. Ibi mẹ́ta lẹ ti lè yí ohùn: MPD, DAC, áńpìlífáyà. Ẹ yan ẹyọ kan tí ẹ ó máa yí, kí ẹ so méjì yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí áńpìlífáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mixer_type "none" wà fún. Tiyín wà lókè àjà, nítorí náà fóònù ni ẹ ó máa fi yí i. Kí wọ́n tẹ amixer -c Device scontrols láti mọ̀ bóyá DAC ní bọ́tìnì ohùn tirẹ̀. Bó bá ní, kí wọ́n kọ:

mixer_type "hardware"
mixer_device "hw:CARD=Device"
mixer_control "PCM"

Kì í ṣe gbogbo DAC ló ń pe bọ́tìnì yẹn ní PCM. Orúkọ tí amixer bá fi hàn ni kí wọ́n kọ. Bí DAC kò bá ní bọ́tìnì, mixer_type "software" nìkan ló kù. Kò burú, bí ẹ kò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Lórí DAC bíìtì 16, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà mẹ́fà tí ẹ bá rẹ̀ sílẹ̀ ń jẹ bíìtì kan. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ tó 36, bíìtì 10 ló ṣẹ́ kù fún orin. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù sí 100, kí ẹnì kan gun àga lọ yí áńpìlífáyà títí ohùn á fi pariwo tó bí ẹ ṣe fẹ́ kó pariwo tó lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù, kó má sì fọ́. Kó fi síbẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe lè fi fóònù yí i débi tó máa fọ́.

Láti ilé àlejò kan ní Parakín, Ilé-Ifẹ̀: A fi Snapcast, sọ́fítíwìà tó ń pín orin kan náà fún ọ̀pọ̀ yàrá, so yàrá mẹ́ta pọ̀. Nínú pálọ̀, níbi tí DAC wà, orin dára. Nínú àwọn yàrá, ó ń sáré, ohùn akọrin ti di ohùn ọmọdé, ó sì ń dánu dúró wéré-wéré. Gángan pàápàá ń sọ ohun tí kò yé wa.

Nọ́ńbà méjì ni kò bára mu. MPD ń da ohùn sínú páìpù ní 44,100, Snapcast sì gbà pé 48,000 ló ń bọ̀, nítorí ìyẹn ló ń retí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ohun míì fún un. Ó ń fi bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún sáré jù, ohùn ń ga. Bó bá sáré lé ohun tí MPD ti dà sílẹ̀ tán, á dúró de òmíràn. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sí ojú rẹ̀ nínú mpd.conf:

audio_output {
    type "fifo"
    name "Àwọn yàrá"
    path "/tmp/snapfifo"
    format "48000:16:2"
    mixer_type "software"
}

Ìlà format tí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn yọ kúrò, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ní in, nítorí páìpù kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó mọ̀ bí DAC ṣe ń dáhùn. Path gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà ní iwájú source nínú /etc/snapserver.conf mu lẹ́tà fún lẹ́tà.

Pálọ̀ yín yóò ṣì máa ṣáájú àwọn yàrá. Snapcast ń di ohùn mú fún mílísẹ́kọ́ńdù 1000 kí gbogbo yàrá lè gbọ́ ọ pọ̀, DAC pálọ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ fi snapclient (apá Snapcast tó ń gba orin sínú yàrá) sórí Pi tó wà ní pálọ̀ náà, kí ẹ pa alsa ti MPD níbẹ̀, kí pálọ̀ di yàrá kẹrin. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti lo httpd (ọ̀nà tí MPD fi ń rán orin jáde bíi rédíò) fún irú iṣẹ́ yìí. Ó dára fún ẹnì kan tó fẹ́ gbọ́ orin lórí fóònù nínú ọgbà, àmọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń di iye tó wù ú mú kó tó bẹ̀rẹ̀, yàrá kan á máa kọ ègbè nígbà tí èkejì ṣì wà lórí lílé.

Láti Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíràn ni: Sípíkà mi ń kùn hùùù, orin ń lọ o, orin ò lọ o. Ó tún ń já bí mo bá ki dírááfù bọ̀ ọ́.

Kíkùn àti jíjá kì í ṣe àìsàn kan náà. Fún jíjá, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 0x0, iná tó. Bí ó bá jẹ́ 0x50000, iná ti rẹlẹ̀ nígbà kan láti ìgbà tí Pi ti tàn. 0x50005 túmọ̀ sí pé ó rẹlẹ̀ báyìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣájà fóònù ni ẹ ń lò. Pi 4 fẹ́ fóòlù 5.1 àti áḿpù 3, dírááfù tó ń yí nínú sì fẹ́ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ so ó mọ́ USB hub tó ní ṣájà tirẹ̀.

Kíkùn yẹn jẹ́ ti iná 50Hz, láti ara wáyà ilẹ̀ tó so nǹkan méjì pọ̀ ní ọ̀nà méjì. Ẹ yọ wáyà ohùn kúrò lára DAC, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ lára áńpìlífáyà. Bí kíkùn bá ṣì wà, áńpìlífáyà tàbí wáyà náà ni. Bí ó bá dákẹ́, ìyípo ilẹ̀ ni: ẹ ki Pi àti áńpìlífáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, bí kò bá tó, ẹ ra ground loop isolator tó ń wà láàárín wáyà RCA. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì áńpìlífáyà. Kíkùn á lọ lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá jò sára páálí irin rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yí fólúùmù ni yóò gbà á.